Ọjọ́ Orí Bàbá Ọkọ Mi

Kì í ṣe ibà ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ibà a máa wá, a sì máa lọ. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé bàbá ọkọ mi jókòó sórí àga nínú pálọ̀ wa ní Ire-Akárí, n'Ísọlọ̀, wọ́n fi orúkọ ìyàwó wọn tó ti kú pè mí, wọ́n sì ní kí n sáré lọ kó èlùbọ́ tí mo sá sórí àpáta, pé òjò ti ṣú. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń ràn, kò sí àpáta kankan ládùúgbò wa, èmi náà ò sì sá èlùbọ́ rí láyé mi. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. Òṣòdì ni àwọn òbí mi ti ta aṣọ, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ta kọ́tìnnì títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Bàbá jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí àyà mi fi já. Olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì paraku. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n bá ṣi nọ́ńbà kan kà, Bàbá á bá a wí láti orí àga wọn bí ẹni pé onítọ̀hún ń gbọ́. Àwọn ni wọ́n ń kọ́ àwọn àgbà ní Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ìmàle ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Bàbá ti fi ẹ̀kọ́ náà dánra wò lórí mi nínú ilé tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè dìde kọ́ ẹ̀kọ́ náà fúnra mi. Ẹni tí orí rẹ̀ pé báyẹn kì í dédé máa sọ̀rọ̀ èlùbọ́ orí àpáta.

Mo ti fura tẹ́lẹ̀. Ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ti ń lọ sílé ìtọ̀ lemọ́lemọ́, bí mo bá sì béèrè, wọ́n á ní àwọn kàn fẹ́ na ẹsẹ̀ ni. Kílíníìkì kan nítòsí wa ti gba ìtọ̀ wọn fún àyẹ̀wò, wọ́n sì fún wọn ní oògùn oníhóró tí kò ṣe nǹkan kan fún wọn. Ọkọ mi kò sí nílé. Orí omi ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì, bó bá sì ti wọ ibẹ̀, ẹni tó bá ń pè é lórí fóònù, afẹ́fẹ́ ló ń pè. Àwọn ọmọ wà nílé ìwé, èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú Bàbá. Mo ké sí aládùúgbò wa tó ní mọ́tò, a gbé wọn sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn kan lọ́nà Okota.

Dókítà obìnrin tó gbà wá kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀. Ó yẹ Bàbá wò, ó ka èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ tí mo mú wá láti kílíníìkì, ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àǹtí, kòkòrò tó wà nínú ìtọ̀ wọn ti wọ ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń dà wọ́n lórí rú. Oògùn tí wọ́n ti ń lò ò lè pa á. Jẹ́ńtà lè pa á."

Inú mi dùn. Ta ni ò mọ jẹ́ńtà? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé l'Óṣòdì, bí ara ẹnikẹ́ni bá ti gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, kẹ́míìsì á fún un ní abẹ́rẹ́ jẹ́ńtà nídìí, á sì dìde lọ sọ́jà. Mo ní, "Ẹ fún wọn kíá, ẹ jọ̀ọ́."

Dókítà mi orí. "Oògùn gidi ni, ṣùgbọ́n ó léwu fún àgbàlagbà. Kíndìnrín ló ń gbé e jáde kúrò nínú ara. Bí kíndìnrín ò bá lágbára mọ́, oògùn náà á jókòó sínú ara, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ba kíndìnrín ọ̀hún jẹ́. Ó tún lè mú etí lọ. A gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ká tó fún wọn."

Ó yíjú sí Bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá, ẹni ọdún mélòó ni yín?"

Bàbá ò la ojú. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán mi lọ kó èlùbọ́, tí kò mọ̀ bóyá Èkó lòun wà tàbí Èkìtì, dáhùn ketekete bí ẹni tó ń dáhùn rẹ́jísítà ní kíláàsì: "Sixty-eight."

Ẹnu mi là, mo sì pa á dé.

Ẹni tí kì í ṣe ara wa lè má mọ ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́. Àgbà tó bá ṣiṣẹ́ ìjọba nílẹ̀ wa, ọjọ́ orí méjì ló sábà máa ń ní, ti ilé àti ti ìwé. Wọn ò bí wọn sí ọsibítù. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wọ ilé ìwé, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, bàbá wọn tàbí ẹ̀gbọ́n wọn á lọ sí kóòtù, á búra pé ọdún báyìí ni a bí ọmọ yìí, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i, ó parí. Ọjọ́ orí tí kóòtù bí yẹn ni ìjọba fi gbà wọ́n síṣẹ́, òun náà ni wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní irọ́. Ti ìwé ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ kí ará ìta gbọ́ ti ilé, nítorí ẹ̀rù owó ìfẹ̀yìntì ń bà wọ́n, ojú sì ń tì wọ́n.

Àbúrò Bàbá lóbìnrin, tó wà nílé l'Ékìtì, ló tú u fún mi ní ọdún tí wọ́n mú mi lọ mọ ìdílé. Ẹ̀pà ni ìyá náà ń tà, wọn ò ṣiṣẹ́ ìjọba rí, wọn ò sì rí ìdí tó fi yẹ kí àwọn gé ọjọ́ orí àwọn kù. Ní ọdún tí àìsàn yìí dé, àbúrò Bàbá ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ọdún mẹ́ta ni Bàbá fi jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀: àbúrò jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ẹ̀gbọ́n jẹ́ méjìdínláàádọ́rin. Èmi àti ọkọ mi a máa fi rẹ́rìn-ín bí Bàbá ò bá sí nítòsí. Bí wọ́n bá ń bọ̀, a ó pa ẹ̀rín mọ́nú.

Nítorí náà ni mo ṣe dákẹ́ nígbà tí dókítà kọ méjìdínláàádọ́rin sílẹ̀. Mo rò ó pé kò ṣe nǹkan. Kí ló kan ọjọ́ orí nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í lọ sí kóòtù lọ búra.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n so omi mọ́ Bàbá lápá, a wá ń dúró de èsì. Bàbá ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ. Èmi náà ń gbọ̀n, kò sì sí ibà lára mi. Ibẹ̀ la wà tí àlejò fi dé láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn: alàgbà kan tí òun àti Bàbá jọ ń kọ́ Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, àti ìyá ìjọ kan. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn. Ní Ìsọlọ̀, ìròyìn àìsàn kì í wọ kéké, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń sáré, ó sì máa ń yá ju kéké lọ. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n jókòó, alàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi bí Bàbá ṣe dáńtọ́ tó nínú ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní Bàbá kọ́ àwọn pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Mo ní, "Háà, ó dáa o." Mi ò mọ ibi tí ǹ bá gbé ojú mi sí.

Dókítà wọlé padà. Ó ní èsì ẹ̀jẹ̀ ti dé. Ó ní iṣẹ́ kíndìnrín Bàbá ti lọ sílẹ̀, ó wà létí bèbè, ṣùgbọ́n fún ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, àwọn ṣì lè fún wọn ní jẹ́ńtà kí àwọn sì máa ṣọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ yẹn, "fún ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin," gún mi láyà. Mo tẹ̀ lé dókítà dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú o, dókítà. Ṣé ọjọ́ orí wà nínú ìṣirò yẹn ni?"

"Ó wà níbẹ̀ dáadáa. Èsì kan náà ò jẹ́ ohun kan náà lára ọmọdé àti lára àgbà. Ìdọ̀tí tí a ń wò nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, ara iṣan, ìyẹn ẹran ara, ló ti ń wá. Bí èèyàn bá ti ń dàgbà, iṣan á dínkù, ìdọ̀tí náà á dínkù, ẹ̀jẹ̀ á wá dà bíi pé ó mọ́, nígbà tó jẹ́ pé kíndìnrín ti ń sùn lọ. Torí ẹ̀ la ṣe ń fi ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ara ṣírò ká tó mọ òótọ́."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọlọ́run gbọ́ pé mo fẹ́ sọ ọ́ nígbà yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ké láti yàrá ìgbẹ̀bí pé kí dókítà máa bọ̀ o, kí ó máa bọ̀, ó sì sá lọ kí n tó ṣí ẹnu.

Mo dúró sí kọ́rídọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Mo mọ̀ nípa ìwọ̀n, òun ni mo fi ń jẹun. Bí oníbàárà bá sọ ìwọ̀n fèrèsé tí kò wọ̀n dáadáa fún mi, mo lè gé aṣọ náà bó ṣe tọ́, kí n rán an bó ṣe tọ́, síbẹ̀ á kúrú lójú fèrèsé. Kò sí ohun tí dókítà yìí ṣe tí kò tọ́. Ìwọ̀n tí a fún un ni kò tọ́.

Mo pe ọkọ mi. Afẹ́fẹ́. Mo tún un pè. Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ náà ò sì lọ. Mo ń rò ó pé ìyàwó ni mí nílé yìí. Bí ọmọ bíbí inú Bàbá bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Bí èmi bá sọ ọ́, ìyàwó tó tú àṣírí ilé ọkọ ni mí, wọ́n á sì máa sọ ọ́ títí wọ́n á fi sin mí. Ẹnu mi yìí náà kì í pẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá mi a máa wí fún mi pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo wá pinnu pé n ó dúró de dókítà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, n ó sọ ọ́ sí i létí ní ìdákọ́ńkọ́, kò sẹ́ni tó máa gbọ́.

Nígbà tí mo bojú wo inú yàrá, nọ́ọ̀sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Ó ti fa jẹ́ńtà sínú abẹ́rẹ́, ó ń wá ojú ibi tí yóò ti fi í sínú ọ̀nà omi tó wà lápá wọn.

Mo sáré wọlé. Mo rọra ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró de dókítà ná."

"Màdáámù, dókítà ló kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà dúró ná."

"Kí ló dé? Ara wọn ń gbóná, ẹ ní kí n dúró." Kò burú lọ́rọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan ọ̀nà omi náà.

Ìyá ìjọ ní, "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú Bàbá."

Ni mo bá pariwo. Kò sí ọ̀nà míì tí mo lè gbà sọ ọ́ tí yóò rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní, "Wọn kì í ṣe ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin! Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n! Ẹ má fún wọn ní nǹkan yẹn!"

Alàgbà tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀. Ìyá ìjọ ń wo àjà. Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Bàbá la ojú. Ojú wọn mọ́ kedere, kò sí Èkìtì níbẹ̀, kò sí èlùbọ́. Èmi gan-an ni wọ́n ń wò, wọ́n sì mọ ẹni tí mo jẹ́. Wọ́n ní, "Ta ló bi ọ́?"

Wọ́n pa ojú dé. Ojú tì mí débi pé bí ilẹ̀ bá lanu ǹ bá wọ inú rẹ̀.

Dókítà dé, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí kúrò lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì sọ ohun tí mo wí. Dókítà ò bi mí ní ìbéèrè ẹ̀ẹ̀mejì, ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó tún ìṣirò náà ṣe lójú mi. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, ó rìn síwájú sẹ́yìn, ó ń sọ pé, "Yes sir, true age, sir," nígbà tó sì parí, ó ní jẹ́ńtà ti bọ́ síta. Etí bèbè tí a wà tẹ́lẹ̀, a ti já bọ́. Oògùn kan ṣì wà nínú èsì ìtọ̀ náà tó lè pa kòkòrò yẹn, tí kò sì ní bá kíndìnrín jà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ wọn níbẹ̀. Kí n sáré lọ wá a.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù tòótọ́ ti bà mí. Títí di ìgbà yẹn, oògùn wà nílẹ̀, àrùn wà nílẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé oògùn kúrò. Bí Bàbá bá kú kí n tó dé, ta ló pa wọ́n? Ẹ ò mọ ìdílé. Kò sẹ́ni tí yóò sọ̀rọ̀ kíndìnrín. Wọ́n á ní abẹ́rẹ́ ti wà lápá Bàbá o, ìyàwó ló ní kí wọ́n yọ ọ́. Mo wọ kẹ́míìsì ńlá kan lọ́nà Okota, wọn ò ní i. Mo wọ èkejì, wọ́n ní ó tán láàárọ̀. Ẹnìkan ní kí n gbìyànjú apá Òkè-Àfá. Mo wọ kéké, mo ń bá ọmọkùnrin tó ń wà á jà pé kí ló dé tó ń rìn bí aboyún, ọmọkùnrin náà wo ẹ̀yìn, ó rí omi lójú mi, ó sì sáré. Ara mi ń gbóná. Mo ń gbàdúrà ìmàle, mo ń gbàdúrà ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó bá kọ́kọ́ dé òkè kó dé.

Mo rí i l'Ókè-Àfá. Obìnrin tó tà á fún mi gbé e jáde láti inú àpótí, mo sì dì í mú mọ́ àyà bí ọmọ tuntun títí mo fi padà dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Wọ́n ṣì ń mí. Wọ́n ń gbọ̀n, ètè wọn gbẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ń mí. Nọ́ọ̀sì po oògùn náà mọ́ omi, ó jẹ́ kó máa kán wọlé díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti lọ. Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ lójú ọ̀nà.

Dókítà ní ohun tí a máa ṣọ́ báyìí ni ìtọ̀, pé ibẹ̀ la ó ti mọ̀ bóyá kíndìnrín ń jà fún ara rẹ̀. Wọ́n so àpò ìtọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bí ọmọ mẹ́ta, mo sì pààrọ̀ ìlédìí wọn, ṣùgbọ́n mi ò wo ìtọ̀ ẹnikẹ́ni rí bí mo ṣe wo ti Bàbá. Bó bá dúró, àyà mi á dúró. Bó bá kán, n ó mí. Ó kéré, ó sì pọ́n bíi tíì. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, kíndìnrín náà tún ti lọ sílẹ̀ sí i, láìfi jẹ́ńtà kankan kàn án, àìsàn nìkan ló ṣe é. Dókítà mú èsì náà dání, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ká ní a ti fún wọn ní jẹ́ńtà lánàá..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Mo bá a parí rẹ̀ nínú mi, mo sì jókòó.

Díẹ̀díẹ̀ ni ara wọn rọlẹ̀. Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ó ń mọ́ sí i. Orí Bàbá padà bọ̀ sípò, wọ́n ń ṣàtúnṣe bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ka nọ́ńbà orí ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá. Bí orí wọn ti padà ni ìbínú wọn náà ti padà. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n á sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ sọ fún un kó ṣí fèrèsé," èmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí mo bá gbé ẹ̀kọ fún wọn, wọ́n á wo ògiri títí nọ́ọ̀sì á fi gbà á lọ́wọ́ mi tí á sì gbé e fún wọn. Ẹ̀kọ kan náà o.

Ọkọ mi pè nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo kọ ránṣẹ́ já sí i lọ́wọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "O sọ ọ́ níwájú alàgbà?"

"Mo sọ ọ́ níwájú alàgbà."

"Kí ló dé tí o ò dúró dè mí?"

Mo ní, "Ṣé kíndìnrín náà ló máa dúró dè ọ́?" Mo sì pa fóònù. Nígbà tó tún pè, ó ní kí n má bínú, ẹkún sì wà lóhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn dùn mí, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

A darí délé. Bàbá ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ara àwọn ò tíì le, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ojú ló ń tì wọ́n, pé wọn ò mọ bí àwọn ṣe máa dúró níwájú kíláàsì sọ̀rọ̀ òtítọ́ mọ́. Nínú ilé, gbogbo ọ̀rọ̀ wọn sí mi ń gba ẹnu àwọn ọmọ mi kọjá. Mo ń se oúnjẹ aláìníyọ̀ tí dókítà ní kí n máa sè, wọ́n ń jẹ ẹ́, wọn ò sì dúpẹ́. Mo bínú. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ọ̀nà míì wà tí mi ò rí, bóyá ǹ bá di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú, bóyá ǹ bá da abẹ́rẹ́ náà nù kí n ní mo ṣèèṣì ni.

Alàgbà wá kí wọn. Òun àti Bàbá sọ̀rọ̀ òjò àti ti ìlú, kò sẹ́ni tó fẹnu kan ti ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo sìn ín dé géètì, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó wa, bí irú ẹ̀ bá kan èmi náà, tí ẹ bá wà nítòsí, ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn o. Èmi gé mẹ́fà." Ó yára wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Mo di géètì mú, mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí a padà lọ fún àyẹ̀wò, dókítà mìíràn la bá, ọkùnrin. Èrò kún inú yàrá, àwọn aláìsàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wa, kò sí aṣọ ìkélé. Èsì ẹ̀jẹ̀ tuntun wà níwájú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹni ọdún mélòó ni yín?"

Àyà mi já. Bàbá tẹjú mọ́ ọ̀pá ọwọ́ wọn. Dókítà gbé ojú sókè, ó tún un bi wọ́n. Ó dà bíi pé gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń gbọ́.

Bàbá fi ọ̀pá wọn tọ́ka sí mi láìwò mí. "Ẹ bi í. Ṣebí òun ló bí mi."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo rò ó pé kí n sọ ti ìwé, kí àlàáfíà lè jọba, ṣùgbọ́n mo rí èsì ẹ̀jẹ̀ náà lórí tábìlì, mo sì sọ ọ́: "Mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni, sà."

"Rárá," ni Bàbá wí.

Mo ní nínú mi pé ó tán. Wọ́n máa sẹ́ mi níwájú gbogbo èèyàn.

"Ọgọ́rin ni," ni Bàbá wí. Wọn ò rẹ ohùn sílẹ̀ rárá. "Ìyá mi sọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi fún mi, mo sì fúnra mi ṣírò rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì yín níbí ni mo wà nígbà tí mo pé e. Ọjọ́ tí ẹ yọ abẹ́rẹ́ omi lápá mi ni. Kò sẹ́ni tó kí mi."

Mo yíjú wò wọ́n. Gbogbo ọdún tí mo ti ń bá ọkọ mi fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ka ọdún wọn láwọn nìkan, wọn ò sì lè sọ ọ́ jáde fún ẹnikẹ́ni pé kó bá wọn yọ̀. Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún.

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, lójú àwọn èrò orí bẹ́ǹṣì. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ọjọ́ ìbí o. Ẹ kú ọgọ́rin ọdún. Ẹ ó ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé."

Wọ́n wò mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bi mí pé ta ló bi mí, wọn ò tíì wò mí lójú rí.

"O ṣeun," ni wọ́n wí. "Dìde, ilẹ̀ yẹn dọ̀tí."